Ẹni tí kò jalè tí wọ́n ní kó sanwó: àlàyé lórí ẹjọ́ páténtì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà

Ní nǹkan bí ọdún 2012 sí 2013, ó lé ní 16,000 ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní Amẹ́ríkà tí wọ́n rí irú lẹ́tà kan náà gbà. Ohun tí lẹ́tà náà ń sọ ni pé bí òṣìṣẹ́ kan bá gbé ìwé sórí ẹ̀rọ sìkánà, tí ó tẹ bọ́tìnnì kan, tí àwòrán ìwé náà sì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ bá ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí í-meèlì, ilé-iṣẹ́ náà ti lo ìhùmọ̀ oníhùmọ̀ láìgba àṣẹ. Kí wọ́n yáa san nǹkan bí 1,000 dọ́là lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kóòtù ni wọn yóò ti pàdé. Àwọn tí wọ́n gba lẹ́tà yìí kò ṣe sìkánà rí láyé wọn. Ọjà ni wọ́n ti rà á, bí ènìyàn ṣe ń ra fíríìjì tàbí fáànù. Ilé-iṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn lẹ́tà náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MPHJ, kò ṣe sìkánà pẹ̀lú. Páténtì tí ẹlòmíràn gbà ni ó rà, ó sì dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-iṣẹ́ kéékèèké sílẹ̀ tí ó ń fi orúkọ wọn kọ lẹ́tà kiri. Ìpínlẹ̀ Vermont pè é lẹ́jọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013. Nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá ọdún 2014, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń gbèjà àwọn oníbàárà fẹ̀sùn kàn án pé ẹjọ́ tí àwọn lẹ́tà náà ní òun fẹ́ pè, kò múra láti pè é rárá, wọ́n sì jọ ṣe àdéhùn pé kò gbọdọ̀ fi irú ìhàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ tan ẹnikẹ́ni jẹ mọ́.

Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ ọ̀rọ̀ páténtì bí ẹni pé ọ̀rọ̀ olè ni, tí wọ́n á ní Lágbájá jí iṣẹ́ Tàmẹ̀dò, nítorí èrò yìí gan-an ni kò jẹ́ kí a rí ibi tí ìṣòro náà wà. Páténtì jẹ́ ìwé àṣẹ tí ìjọba ń fún ẹni tí ó hùmọ̀ ohun tuntun, pé títí ọdún 20 yóò fi pé láti ọjọ́ tí ó ti kọ̀wé béèrè fún un, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ohun náà, kí ó tà á tàbí kí ó lò ó láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Olùhùmọ̀ náà pẹ̀lú yóò kọ bí ohun náà ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ ní gbangba kí ẹlòmíràn lè kọ́ ọ, yóò sì di ti gbogbo ayé nígbà tí ọdún bá pé. Àdéhùn rere ni, n kò sì bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n òfin náà kò béèrè bóyá ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ wo iṣẹ́ ẹnìkejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó sínú yàrá rẹ̀, tí ó fi ọpọlọ ara rẹ̀ ronú kan ọ̀nà kan, tí kò sì gbọ́ orúkọ oní-páténtì rí, jẹ̀bi bákan náà pẹ̀lú ẹni tí ó dìídì wò ó kọ.

Bí a bá fẹ́ mọ ibi tí páténtì kan dé, ìparí rẹ̀ ni a ń wò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń to àwọn gbólóhùn kan ní nọ́ńbà, tí wọ́n ń sọ ohun tí oní-páténtì ní òun nìkan ni òun ni ín. Gbólóhùn ààlà ni n ó máa pè wọ́n, nítorí iṣẹ́ tí peregún ń ṣe láàárín oko méjì ni wọ́n ń ṣe. Páténtì oògùn sábà máa ń ní peregún tí ojú rí, nítorí pé èròjà oògùn ṣe é kọ sílẹ̀ ní pàtó. Ti sọ́fítíwíà ṣòro. Ẹni tí ó ń kọ gbólóhùn ààlà lè kọ ọ́ pé òun ni òun ni ẹ̀rọ tí ó ń gba ìsọfúnni wọlé, tí ó ń tọ́jú rẹ̀, tí ó sì ń fi í ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ó ṣòro láti rí kọ̀ǹpútà kan lóde òní tí kò ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún 10 lè kọjá kí ẹnìkan tó gbé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ jáde, kí ó ní fóònù tí wọn kò tíì lá àlá rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ọ́ ti kó sínú ilẹ̀ òun.

Ẹ wo ti Amazon. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, ó gba páténtì lórí títẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti fi ra ọjà: ẹni tí nọ́ńbà káàdì àti àdírẹ́sì rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kàn tẹ bọ́tìnnì, ọjà ti di rírà. Kí oṣù kan tó pé, ó ti gbé Barnes & Noble, tí òun náà ń ta ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ sí kóòtù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, nígbà tí ọjà Kérésì ń gbóná, adájọ́ kan ní Seattle pàṣẹ pé kí Barnes & Noble dáwọ́ ohun tí ó ń ṣe dúró. Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ni pé ó fi bọ́tìnnì kejì kún un. Oníbàárà yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2001 ni ilé ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn mú àṣẹ náà kúrò, nítorí pé ó rí i pé iyèméjì tí ó lágbára wà lórí bóyá páténtì náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kérésì méjì ti kọjá nígbà náà.

Amazon ń tajà ní tirẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe tàbí tí wọ́n ń tà ju pé kí wọ́n ra páténtì jọ, kí wọ́n sì máa fi pe ènìyàn lẹ́jọ́. Ẹni tí ó bá ti kọ́lé ní Ìkòròdú rí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí wọn, nítorí ó ti bá ọmọ onílẹ̀ pàdé: owó ìpìlẹ̀ lọ́tọ̀, owó dẹ́kìn lọ́tọ̀, owó òrùlé lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ onílé. Ìdí tí onílé fi ń sanwó kì í ṣe pé ó gbà pé wọ́n jàre, àmọ́ bí ó bá lọ sí kóòtù, iṣẹ́ yóò dúró, owó lọ́yà yóò sì ju ohun tí wọ́n ń béèrè lọ. Bí ó ṣe rí ní Amẹ́ríkà náà nìyẹn. Ẹjọ́ páténtì tí wọ́n bá gbé dé ìparí sábà máa ń gba mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n pè, oníkálukú ló sì ń san owó lọ́yà tirẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ìbáà jàre, ìbáà jẹ̀bi. Olùpẹjọ́ tí ó mọ èyí yóò béèrè fún iye tí kò tó owó lọ́yà. Ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń jẹ́ Soverain ní páténtì lórí apẹ̀rẹ̀ ìrajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ibi tí a ń kó ọjà sí kí a tó sanwó. Amazon san 40 mílíọ̀nù dọ́là fún un ní ọdún 2005. Newegg, tí ó ń ta ohun èlò kọ̀ǹpútà, kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò san kọ́bọ̀, ó sì gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, àwọn adájọ́ dá a pé páténtì náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí pé ohun tí ó ń pè ní tuntun ti wà tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kóòtù fúnra rẹ̀ ti wọlé nìyí. Ẹjọ́ páténtì ní Amẹ́ríkà wà lábẹ́ ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n pín sí agbègbè 94. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtumọ̀ tí ilé ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún òfin ni pé ibikíbi tí ọjà ilé-iṣẹ́ kan bá dé ni a ti lè pè é lẹ́jọ́. Ọjà tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì dé ibi gbogbo, nítorí náà olùpẹjọ́ ń yan kóòtù bí ẹni ń ṣa iṣu lọ́jà. Marshall ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn yàn.

Marshall jẹ́ ìlú kékeré ní ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Texas, nítòsí ààlà Louisiana, tí àwọn olùgbé rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 24,000. Síbẹ̀, ní ọdún 2015, ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá gbogbo ẹjọ́ páténtì Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní agbègbè kóòtù tí Marshall wà nínú rẹ̀, èyí tí ó sì bọ́ sọ́wọ́ adájọ́ kan ṣoṣo, Rodney Gilstrap, lọ́dún náà lé ní 1,500. Ohun tí ó fà á ni pé adájọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ níbẹ̀, T. John Ward, ti gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí ó ń mú kí irú ẹjọ́ yìí yára. Ẹjọ́ tí ó yára dára létí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń yára sí lára ni ẹni tí wọ́n pè, tí yóò wá ìwé, ẹlẹ́rìí àti lọ́yà láàárín oṣù díẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó pè é ti múra sílẹ̀ kí ó tó dé. Ní àkókò Kérésì láwọn ọdún yẹn, pápá yìnyín kan máa ń wà níwájú ilé ẹjọ́ àtijọ́ ìlú náà, tí àwọn ọmọdé ń yọ̀ kiri lórí rẹ̀. Samsung, tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́ níbẹ̀ léraléra, ni ó ń sanwó rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Rìbá kọ́, òfin kò sì kà á léèwọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan láti Kòríà bá rí i pé ó yẹ kí òun fi pápá ìṣeré ta ìlú kékeré kan lọ́rẹ nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ lè jókòó lórí ọ̀rọ̀ òun lọ́la, èmi gbà pé ìwọ̀n ìdájọ́ ti ń tẹ̀ sí ibi tí kò yẹ.

Ará ìlú ló ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà lóòótọ́. Júrì ni wọ́n ń pe ìgbìmọ̀ wọn: olùkọ́, àgbẹ̀, nọ́ọ̀sì, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ṣà jọ kí wọ́n lè sọ ẹni tí ó jàre àti iye tí yóò gbà. N kò fojú kéré wọn, nítorí ènìyàn lè jẹ́ olóye kí ó má mọ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, wọ́n tún pe Newegg lẹ́jọ́ ní Marshall. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń jẹ́ TQP ló pè é, lórí ọ̀nà tí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì fi ń sọ nọ́ńbà káàdì di àdììtú kí olè má baà rí i kà. Ó lé ní 100 ilé-iṣẹ́ tí ó ti sanwó fún TQP ṣáájú. Newegg mú Whitfield Diffie wá gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí wọ́n gbé ọ̀nà kọ́kọ́rọ́ gbangba jáde ní ọdún 1976, èyí tí ààbò íntánẹ́ẹ̀tì òde òní dúró lé. Ọkùnrin náà dúró níwájú júrì, ó sì ṣàlàyé pé ohun tí páténtì náà ń pè ní tuntun kì í ṣe tuntun. Júrì gbọ́ ọ tán, ó dá a pé páténtì náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí Newegg san 2.3 mílíọ̀nù dọ́là. Ó gba nǹkan bí oṣù 20 kí Gilstrap fúnra rẹ̀ tó yí i padà, ní ọdún 2015, pé Newegg kò tẹ ààlà páténtì náà lójú rárá.

Kí a tó dá júrì lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ ohun tí òfin ń sọ fún wọn. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Òfin ní kí wọ́n kà á sí pé páténtì tí ọ́fíìsì ìjọba bá ti fọwọ́ sí fẹsẹ̀ múlẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí tí ó hàn kedere, tí ó sì fìdí múlẹ̀ ṣinṣin wá. Microsoft gbìyànjú láti mú kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dín ìwúwo ẹ̀rí yìí kù ní ọdún 2011, nínú ẹjọ́ òun àti ilé-iṣẹ́ i4i, kò sì ṣeé ṣe. Bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ tí ó yẹ páténtì náà wò ní ọ́fíìsì kò ju wákàtí mélòó kan lọ lórí rẹ̀.

Ó tún ń ṣẹlẹ̀ pé kí ọwọ́ ìjọba méjì máa fa ọ̀rọ̀ kan náà sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí ẹjọ́ tí ilé-iṣẹ́ NTP pe àwọn tí ó ń ṣe fóònù BlackBerry ní ìpínlẹ̀ Virginia ṣì ń lọ lọ́wọ́, ọ́fíìsì páténtì ń tún àwọn páténtì NTP yẹ̀ wò, ó sì ti ń kọ̀ wọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ. Adájọ́ ní òun kò ní dúró de ọ́fíìsì. Ewu wà nígbà náà pé àṣẹ kóòtù lè ti í-meèlì BlackBerry pa jákèjádò Amẹ́ríkà lórí páténtì tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń yọ ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2006, BlackBerry san 612.5 mílíọ̀nù dọ́là kí àlàáfíà lè jọba. Oṣù méjì péré lẹ́yìn náà, nínú ẹjọ́ eBay àti MercExchange, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ wá ní jíjàre nínú ẹjọ́ páténtì kò túmọ̀ sí pé àṣẹ ìdádúró yóò tẹ̀ lé e dandan, pé kí adájọ́ máa wò ó bóyá owó nìkan kò tó.

Ẹjọ́ Apple àti Samsung ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ nípa rẹ̀ jù. Apple bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, lára ohun tí wọ́n sì ń jà lé lórí ni bí àwòrán ojú fóònù ṣe ń fà padà bíi rọ́bà nígbà tí ènìyàn bá yí i dé ìsàlẹ̀ pátápátá, àti igun fóònù tí ó rí roboto. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, júrì ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án ní San Jose ní California ní kí Samsung san ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ní ọjọ́ kan náà gan-an, kóòtù kan ní Seoul dá a pé àwọn méjèèjì jẹ̀bi ara wọn. Oṣù kan ṣáájú, adájọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti ní kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ Samsung kò jọ ti Apple, wọ́n sì pàṣẹ fún Apple láti kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Bẹ́ẹ̀, kóòtù Düsseldorf ní Jámánì ti fòfin de ọjà yẹn kan náà. Òfin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni Lọ́ńdọ̀nù àti Düsseldorf wò, ìdájọ́ wọn kò sì bára mu. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n fi ṣírò owó náà ti wà láti ọdún 1887, nígbà tí ọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì ń dààmú àwọn aṣòfin: ẹni tí ó bá ṣe àdàkọ àwòṣe yóò kó gbogbo èrè rẹ̀ lórí ọjà náà sílẹ̀. Lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó yéni, nítorí àwòṣe rẹ̀ ni ènìyàn ń rà. Fóònù ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan nínú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fohùn ṣọ̀kan pé èrè náà lè jẹ́ ti ẹ̀yà kan lára fóònù, wọn kò sì sọ bí a ó ṣe mọ ẹ̀yà náà. Júrì mìíràn ní 539 mílíọ̀nù ní ọdún 2018, ni wọ́n bá parí rẹ̀ láàárín ara wọn. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún méje yẹn, Samsung kò yéé ta ẹ̀yà tí Apple ń lò nínú iPhone fún un.

Àtúnṣe ti wà. Òfin tí Obama fọwọ́ sí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011 dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì páténtì, níbi tí àwọn adájọ́ tí wọ́n mọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti lè tún páténtì yẹ̀ wò láìsí júrì. Níbẹ̀ ni àwọn onípọ́díkáàsìtì, ìyẹn àwọn tí ń gbé ètò ohùn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti rí ìdáǹdè ní ọdún 2015, nígbà tí ìgbìmọ̀ náà fagi lé àwọn gbólóhùn ààlà tí ilé-iṣẹ́ Personal Audio fi ń sọ pé òun ni òun ni pọ́díkáàsìtì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, nínú ẹjọ́ Alice, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní èrò lásán kò di ìhùmọ̀ nítorí pé a ní kí kọ̀ǹpútà ṣe é, ọ̀pọ̀lọpọ̀ páténtì sọ́fítíwíà sì ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, nínú ẹjọ́ TC Heartland, ó ní ibi tí wọ́n ti forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí ibi tí ó ti rú òfin tí ó sì ní ọ́fíìsì tàbí ṣọ́ọ̀bù gidi, ni a ti lè pè é lẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ kó lọ sí ìpínlẹ̀ Delaware, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti forúkọ sílẹ̀. Ní ọdún 2019, Apple ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ méjì tí ó wà ní agbègbè kóòtù Marshall, ó sì ṣí òmíràn sí Dallas, lẹ́yìn ààlà agbègbè náà.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Adájọ́ kan ní Waco, ní apá mìíràn ní Texas, Alan Albright, fi hàn pé òun fẹ́ ẹjọ́ páténtì, nígbà tí ó sì fi di ọdún 2021, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ẹjọ́ páténtì orílẹ̀-èdè náà ti wà níwájú rẹ̀. Oṣù Keje ọdún 2022 ni adájọ́ àgbà agbègbè náà pàṣẹ pé kí wọ́n máa pín wọn káàkiri láàárín àwọn adájọ́. Marshall pẹ̀lú ṣì ń gbẹ́jọ́: ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, júrì ibẹ̀ ní kí Samsung san 303 mílíọ̀nù dọ́là fún ilé-iṣẹ́ Netlist. Ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè kò sí lára àwọn tí ìdájọ́ ọdún 2017 gbà sílẹ̀. Ibi tí ó bá wu olùpẹjọ́ ni ó ti lè pè wọ́n.

Ìyẹn ló mú ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń kọ sọ́fítíwíà ní Yaba tàbí ní Ìbàdàn. Páténtì Amẹ́ríkà kò dé Nàìjíríà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ta iṣẹ́ yín fún ará Amẹ́ríkà, ó lè bá yín níbẹ̀. Nílé pẹ̀lú, Òfin Páténtì ti ọdún 1970 sọ ọ́ kedere pé ewu ẹni tí ó gba páténtì ni, pé ìjọba kò dúró fún un pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìwé nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò bóyá ó pé, gbogbo ìyókù di ti Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀. Ilé ẹjọ́ yìí ní Èkó ni ilé-iṣẹ́ Lancor gbé àjọ tí ó ń ṣe kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọdé lọ ní ọdún 2007, pé ó lo àwòṣe Konyin, pátákó ìtẹ̀wé tí a fi ń tẹ àmì ohùn sórí èdè bíi Yorùbá. Àjọ náà ní òun kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí irú lẹ́tà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ bá wọlé tọ̀ yín, ẹ má tíì sanwó, ẹ má sì jù ú nù. Ẹ wá nọ́ńbà páténtì nínú rẹ̀. Lẹ́tà tí kò bá ní nọ́ńbà kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ fi nọ́ńbà náà wo orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti gbà á àti ọdún tí yóò parí, lẹ́yìn náà kí ẹ wá lọ́yà tí ó mọ iṣẹ́ yìí, kí ẹ jọ ka gbólóhùn ààlà àkọ́kọ́ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ohun tí gbólóhùn náà bá kà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ pé sínú ohun tí ẹ ṣe, tàbí kí ohun tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà wà nípò rẹ̀. Bí ó bá dárúkọ nǹkan márùn-ún, tí mẹ́rin péré sì wà nínú tiyín, ẹ kò tíì wọ inú ilẹ̀ rẹ̀. Ohun tí Barnes & Noble ń wá nìyẹn nígbà tí ó fi bọ́tìnnì kejì kún ti àkọ́kọ́.